Rédíò Tó Ń Wọlé Ṣáájú Yín

Bàbá mi ọ̀wọ́n, onírédíò orí ọ̀kadà,

Ẹ kì í fẹ́ ká máa fi ọ̀rọ̀ yípo, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n tètè sọ èyí tó lè bí yín nínú jù: èmi ni mò ń gun ọ̀kadà yín báyìí. Ẹ fara balẹ̀ ná. Mò ń fọ̀ ọ́ ní gbogbo ọjọ́ Sátidé bí ẹ ṣe máa ń fọ̀ ọ́, mo sì ń pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ kó tó dúdú. Pákó tí ẹ kàn sábẹ́ ìjókòó rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, kò yẹ̀. Iṣẹ́ tí mò ń fi ṣe ni pé mò ń gbé aṣọ tí àwọn télọ̀ Ìkòtún bá rán lọ fún àwọn tó ni ín, sí Ẹ̀gbẹ́dá, sí Command, títí dé Ayọ̀bọ̀ níbi tí ẹ ti lo ọ̀pọ̀ ọdún ayé yín lórí òrùlé olórùlé. Bí mo bá ń kọjá níbẹ̀, mo máa ń gbójú sókè wo àwọn páànù, mo sì máa ń bi ara mi pé èwo nínú wọn ni ọwọ́ yín kàn. Káfíńtà kì í kọ orúkọ sórí òrùlé.

Ṣé ẹ rántí pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ kọ́ mi? Lórí pápá iyanrìn tó wà lẹ́yìn ilé kan tí ẹ ń kàn ní Ayọ̀bọ̀, lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, ẹ gbé mi síwájú, ẹ gbé ọwọ́ yín lé ọwọ́ mi, ẹ sì kìlọ̀ pé Màmá kò gbọdọ̀ gbọ́. Wọ́n gbọ́. Iyanrìn tó wà nínú bàtà mi ló tú àṣírí wa. Bí wọ́n ṣe bínú tó lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀yin nìkan lẹ gbà á sára, ẹ ò jẹ́ kó kàn mí.

Lẹ́yìn tí ẹ lọ, ọ̀kadà náà dúró sábẹ́ igi máńgòrò, a fi tapólì bò ó. Àwọn kan nínú ẹbí ní ká tà á. Màmá kò gbà. Wọ́n wà nínú opó nígbà náà, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá bí ẹ̀sìn wa ṣe là á sílẹ̀, wọn kì í kọjá ẹnu géètì. Bí a ti ṣe fídáù ogójì ọjọ́ yín tán, mo ká tapólì kúrò, mo nu eruku, mo sì gbìyànjú láti ta ẹ́ńjìnnì. Ìgbà kẹta ló dáhùn. Mo wo ojú fèrèsé, mo rí Màmá tí wọ́n ń wò mí. Wọn ò ní kí n pa á. Mo gbà á pé wọ́n ti fọwọ́ sí i.

Ọ̀rọ̀ rédíò gan-an ni mo torí ẹ̀ kọ̀wé yìí. Kò sí ẹni tí kò mọ rédíò yẹn ládùúgbò wa ní Ìgàndó. Dúdú ni, ó tó bíríkì kan, ẹ fi rọ́bà tí ẹ gé lára tùúbù táyà dì í mọ́ orí táńkì epo, ẹ sì fi wáyà ìfaṣọkọ́ rọ́pò eríàlì rẹ̀ tó ti kán. Bí òjò bá fẹ́ rọ̀, ọ̀rá búrẹ́dì lẹ fi ń bò ó. Bátìrì rẹ̀ kì í tán lójú tiyín. Bó bá ti rẹ̀ ẹ́, ẹ ó kó wọn jáde, ẹ ó sá wọn sórí páànù bí ẹni sá èlùbọ́, bó bá di ọ̀sán ẹ ó tún kó wọn padà sínú ẹ̀, ẹ ó sì máa yangàn. Ẹ máa ń bá àwọn inú rédíò jiyàn lójú pópó. Ojú máa ń tì mí tí mo bá jókòó sẹ́yìn yín, torí àwọn èèyàn á máa wò wá bí ẹ bá ń bá olóṣèlú kan tí kò gbọ́ yín wíjọ́.

Bí a bá fẹ́ kọjá lẹ́nu ilé tí wọ́n ti ń ṣọ̀fọ̀, ẹ ó rọra dín in kù. Bí wọ́n bá ń kírun lọ́wọ́ ní mọ́ṣáláṣí, ẹ ó pa á. Ṣùgbọ́n bí a bá ti dé kọ̀rọ̀ àwọn oníbúlọ́ọ̀kù, níbi tí òpópónà wa ti bẹ̀rẹ̀, ṣe lẹ máa ń yí i sókè. Ìròyìn aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ló sábà máa ń bá wa níbẹ̀. Bí ẹ bá dé ẹnu géètì tí ìròyìn kò tíì parí, ẹ ó pa ẹ́ńjìnnì, ẹ ó jókòó sórí ọ̀kadà títí yóò fi parí, àárẹ̀ oòrùn ọjọ́ yẹn lára yín, ẹ̀gbin páànù lọ́wọ́ yín. Mo rò pé àṣejù ni. Kí ló dé tí ẹ ò kàn gbé e wọlé, kí ẹ gbọ́ ìyókù lórí àga bí ọmọ èèyàn?

Èmi ò kọ́kọ́ fẹ́ fọwọ́ kan rédíò náà. Ó wà lórí àpótí irinṣẹ́ yín, mo fi í síbẹ̀. Mo ní ayé ti lajú, rédíò ti wà nínú fóònù. Mo ra íápíìsì kékeré, mo tì í bọ etí méjèèjì, mo fi akoto yín dé e mọ́lẹ̀. Bàbá, ó dùn o. Ohùn náà mọ́ gaara, àfi bí ẹni pé sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ jókòó sínú orí mi. Mo gbọ́ ìròyìn, mo gbọ́ ètò àwọn àgbẹ̀, mo gbọ́ àwọn tó ń pe orí rédíò láti jà nítorí bọ́ọ̀lù. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi jayé orí mi.

Lọ́jọ́ kẹrin, ní Ìdìmù, mo fẹ́ yà fún kòtò. Mi ò gbọ́ tírélà tó wà lẹ́yìn mi. Afẹ́fẹ́ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ mọ̀ lára kí n tó rí táyà rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún mi. Ó ti ń fọn fèrè tipẹ́, gbogbo èèyàn tó wà létí títì ló gbọ́ ọ, àfi èmi. Kò sí ohun tó ṣe mí, ẹ má jáyà. Aṣọ ìyàwó tí mo gbé kò tilẹ̀ rún. Mo ṣáà lọ jókòó níwájú ṣọ́ọ̀bù kan. Ibẹ̀ ni mo ti rántí òfin yín pé ojú ọlọ́kadà ló ń wo iwájú, etí rẹ̀ ló ń wo ẹ̀yìn, ẹni tó bá dí etí ara rẹ̀ lórí ọ̀kadà ti fọwọ́ ara rẹ̀ fọ́ ojú kan. Mo yọ íápíìsì náà, mo fi ta obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù lọ́rẹ. Omi tútù tó fún mi mu níye lórí jù ú lọ.

Ìgbà yẹn ni mo wá gbé rédíò yín lọ sí Ìkòtún, sọ́dọ̀ Wàídì tó ń tún rédíò ṣe lẹ́yìn ọjà. Bátìrì àtijọ́ ti tú omi sínú ẹ̀, irin ibẹ̀ ti dípẹtà. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, ó jó wáyà méjì pọ̀, rédíò náà sì sọ̀rọ̀. Lórí tábìlì rẹ̀, ohùn ẹ̀ dára. Bí mo ti so ó mọ́ táńkì tí mo sì ta ẹ́ńjìnnì, ariwo dé, ó ń ta pàràpàrà bí àgbàdo tó wà lórí iná. Bí mo bá ṣe ń fún ọ̀kadà níná tó ni ariwo náà ń yára tó. Mo padà sọ́dọ̀ Wàídì, mo fẹ́ bá a jà pé iṣẹ́ tó ṣe kò dáa.

Kò tilẹ̀ fọwọ́ kan rédíò. Ó bẹ̀rẹ̀ wo ẹ́ńjìnnì, ó rẹ́rìn-ín.

“Àǹtí, rédíò yín ò ṣàìsàn jàre. Púlọ́ọ̀gì yìí ló ń dà á láàmú. Ẹ lọ pààrọ̀ ẹ̀, kẹ́ ẹ pààrọ̀ fìlà orí ẹ̀ náà. Á dákẹ́, ẹ máa wò ó.”

Mo pààrọ̀ rẹ̀, ó dákẹ́ lóòótọ́. Ìgbà náà ni ojú mi là. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa ń dúró lójú ọ̀nà lójijì, nígbà tí ọ̀kadà kò tíì bàjẹ́ rárá, tí ẹ ó yọ púlọ́ọ̀gì, tí ẹ ó sì fi sáńpépà nù ún. Inú rédíò lẹ ti ń gbọ́ àìsàn ẹ́ńjìnnì! Èmi rò pé ẹ kàn ń fi àkókò mi ṣòfò ni. Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi? Àbí ẹ sọ ọ́, èmi ni mi ò fetí sílẹ̀?

Ó wá ku bí yóò ṣe jókòó jẹ́ẹ́. Ẹ̀yin náà mọ ọ̀nà Ayọ̀bọ̀. Bí mo bá ti bọ́ sínú kòtò mẹ́ta, rédíò á ti kúrò lórí ibi tí mo yí i sí, á bọ́ sọ́dọ̀ oníwàásù kan tí ń pariwo. Mo fi fóòmù tẹ́ ẹ, ó ń fò. Mo fi àkísà tẹ́ ẹ, ó ń yọ̀. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi bá a ṣeré yìí. Nígbà tó sú mi, mo ṣí àpótí irinṣẹ́ yín láti wá awọ kan, mo sì rí ohun tí ẹ máa ń fi tẹ́ ẹ: ẹsẹ̀ sílípáàsì kan, aláwọ̀ búlúù, ẹ gé e bó ṣe bá orí táńkì mu gẹ́ẹ́, ẹ sì gbẹ́ ojú rẹ̀ kó lè gba ìdí rédíò.

Bàbá! Sílípáàsì tí Màmá wá títí, tí wọ́n fi fẹ̀sùn kan ajá Ìyá Ṣẹ́gun tó ń gbé ọ̀kánkán ilé wa! Ẹ̀yin náà bá wọn wá a. Mo rántí dáadáa pé ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ àga. Mo rẹ́rìn-ín débi pé mo sunkún, èmi nìkan nínú yàrá irinṣẹ́. Mo tẹ́ sílípáàsì náà síbẹ̀, mo fi rọ́bà tùúbù fà á le, rédíò ò sì mira mọ́. Mi ò tíì sọ fún wọn títí di òní. Ajá yẹn náà ti kú, ẹ̀sùn ṣì wà lọ́rùn ẹ̀.

Inú mi dùn lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé e jáde. Láti Command dé Ẹ̀gbẹ́dá, láti Ẹ̀gbẹ́dá dé Ìgàndó, mò ń gbọ́ rédíò, mo sì ń gbọ́ ọ̀nà. Mo ti wá mọ ibi tí ohùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà: kó tó mi í gbọ́, kó má bo fèrè ẹnikẹ́ni mọ́lẹ̀. Ọlọ́kadà àgbàlagbà kan tí mi ò mọ̀ rí wo orí táńkì mi níbi tí a ti ń dúró de ọkọ̀ tó fẹ́ yí padà. Ó bi mí bóyá rédíò Káfíńtà kọ́ nìyẹn. Mo ní òun ni, èmi lọmọ rẹ̀. Ó mi orí, ó gbé ọwọ́ sókè sí mi, ó sì lọ.

Mo dé kọ̀rọ̀ àwọn oníbúlọ́ọ̀kù, aago mẹ́fà lù, ìròyìn bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ mi lọ síbẹ̀, mo yí rédíò sókè. Mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹ ṣe máa ń ṣe é ni mo ṣe é, pẹ̀lú akoto yín lórí mi, lórí ọ̀kadà yín.

Kí n tó dé ẹnu ilé, géètì ti ṣí.

Màmá ló ṣí i. Wọ́n dúró síta gbangba, ìró nìkan ló wà lára wọn, orí wọn ò ní ìborùn, àwọn tó yẹ kí wọ́n wà nínú ilé títí opó yóò fi pé. Wọ́n fi ọwọ́ kan di géètì mú, wọ́n fi ìkejì di etí ìró, wọ́n ń mí bí ẹni tó sáré. Ojú wọn ń tàn, Bàbá. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí ojú yẹn. Wọ́n wo ọ̀kadà, wọ́n wo akoto. Mo ṣí akoto náà kúrò lórí nítorí mi ò mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe.

“Ìwọ ni,” ni wọ́n wí.

Wọ́n yí padà, wọ́n wọlé. Ìyá Ṣẹ́gun wà lẹ́nu ọ̀nà tiwọn, wọ́n ṣe bí ẹni pé àwọn ò rí wa. Nígbà tí mo dé ẹ̀yìnkùlé, mo bá korobá yín lẹ́nu balùwẹ̀, omi gbígbóná wà nínú rẹ̀, kànìnkànìn yín wà lórí rẹ̀. Omi tí wọ́n gbé kaná fún ara wọn ni, wọ́n ti dà á fún yín kí wọ́n tó sáré wá sí géètì. Mi ò mọ ohun tó yẹ kí n ṣe sí omi yẹn. Bí mo bá dà á nù, ó burú. Bí mo bá fi í sílẹ̀ kó tutù, ó tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo fi wẹ̀. Nígbà tí mo jáde, wọ́n ti wà lórí ẹní ìkírun, a ò sì sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà tàbí lọ́jọ́ kejì.

Mo jẹ̀bi. Mo rò pé èmi nìkan ni mo ni rédíò yẹn pẹ̀lú yín. Mi ò ronú pé etí kan wà nínú ilé tó ti ń gbọ́ ọ láti ìgbà tí wọn ò tíì bí mi, tí kò sì níṣẹ́ mìíràn nínú opó ju kó máa gbọ́ ohun tó ń kọjá níta.

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti dé ọ̀dọ̀ àwọn oníbúlọ́ọ̀kù, mo máa ń pa á. Mo máa ń pa ẹ́ńjìnnì pàápàá nígbà mìíràn, kí n sì fẹsẹ̀ ti ọ̀kadà wọlé bí olè. Mi ò gbọ́ ìparí ìròyìn kankan fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé bí mo bá tún ṣe bẹ́ẹ̀ sí Màmá lẹ́ẹ̀kejì, ó lè wó wọn mọ́lẹ̀. Bí mo bá sì yọ rédíò kúrò pátápátá, mo mọ̀ pé mi ò ní lè gun ọ̀kadà yẹn mọ́, màá dá a padà sábẹ́ tapólì. Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni mò ń rò ó. Ẹ̀yin kọ́ lẹ máa ń yanjú irú èyí? Kí lẹ ò bá ṣe?

Opó pé. Wọ́n wẹ̀, wọ́n wọ aṣọ tuntun, wọ́n lọ kí gbogbo àwọn tó wá kí wa. Wọ́n ti ń jẹun dáadáa. Wọ́n tún ti bá ọlọ́jà kan tó ń kiri, tó ń fi ohùn òkè polówó lẹ́nu ọ̀nà, jà, nítorí náà ẹ mọ̀ pé ara wọn ti ń yá.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo yọ́ wọlé bí ìṣe mi, mo kí wọn láti ẹ̀yìn nígbà tí wọ́n dúró nídìí sítóòfù. Wọ́n ta gìrì, ìgbákọ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n kọjú sí mi, inú bí wọn, irú ìbínú ọjọ́ iyanrìn yẹn gẹ́lẹ́.

“Kí ló dé tó o máa ń yọ́ wọlé bí ológbò? Àbí bátìrì rédíò yẹn ti tán ni?”

Mo ní kò tán, pé mo máa ń pa á lọ́dọ̀ àwọn oníbúlọ́ọ̀kù ni. Wọn ò bi mí pé kí ló fà á. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mú ìgbákọ, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n pẹ́ lórí fífọ̀ ọ́.

“Ibẹ̀ gan-an ni bàbá ẹ ti máa ń yí i sókè. Tí mo bá ti gbọ́ ọ báyìí, màá da omi ìwẹ̀ ẹ̀ sí korobá, màá gbé ti ẹ̀bà kaná. Gbogbo ìròyìn tó ń jókòó gbọ́ lẹ́nu géètì yẹn, èmi ló ń fún láyè. Mi ò fún un lóúnjẹ tútù rí, ṣó o gbọ́?”

Wọ́n da omi ìgbákọ nù.

“Mo mọ̀ pé ó ti lọ. Orí mi ò dàrú. Ìwọ ni mò ń retí báyìí. Tó o bá wá ń yọ́ wọlé, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ ìgbà tí mo máa gbé omi ẹ kaná?”

Bàbá, ṣé òótọ́ ni? Ṣé bí ẹ ṣe ń jókòó síbẹ̀ nìyẹn, tí ebi ń pa yín, tí òógùn ti gbẹ mọ́ yín lára, tí ẹ ń ṣe bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ìjọba ló gbà yín lọ́kàn? Ṣé ẹ tilẹ̀ fẹ́ràn ìròyìn? Èmi tí mo jókòó sẹ́yìn yín lẹ́nu géètì yẹn láìmọye ìgbà, tí mò ń pòṣé, kò sọ́jọ́ kan tí mo ronú kàn án.

Lánàá, mo dé ọ̀dọ̀ àwọn oníbúlọ́ọ̀kù, mo yí rédíò sókè. Géètì kò ṣí. Mo dé ibẹ̀, mo pa ẹ́ńjìnnì, mo sì jókòó. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ afárá kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò parí, n kò gbọ́ ju ìdajì lọ, torí mò ń gbọ́ Màmá nínú ilé. Mo gbọ́ ọmọrí ìkòkò. Mo gbọ́ omi tó ń dà sínú korobá. Mo ti gbọ́ olórí ìròyìn tán, ebi ń pa mí, mo lè wọlé. Mi ò wọlé. Mo fún wọn láyè.

Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí ibi tí ẹ wà tù yín lára, kí ẹnì kan sì máa gbé omi kaná dè yín níbẹ̀.

Èmi ni,
ọmọ yín tó ti kọ́ láti máa fi etí wo ẹ̀yìn.